Ẹ ṣọ́ra fún ìpara táyà inú ìgò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì: dídán rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo aṣọ lójú yín

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí táyà ọkọ̀ yín máa dúdú kó máa dán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó ra ìgò mìíràn. Oníṣòwò kan wà tó ń bu ìpara táyà láti inú dúrọ́ọ̀mù ńlá sínú ìgò kéékèèké, tó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé omi ni wọ́n fi pò ó, pé kò lè pa rọ́bà lára. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ọkọ̀ fífọ̀ ni mò ń ṣe, èmi ni mo fọ táyà tí wọ́n fi ìpara náà kùn, mo sì fojú ara mi rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń lu jìbìtì yìí. Ohun tó ká mi lára ni kí ẹ mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, kí ẹlòmíràn tó bá tún gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ wá má baà rí yín mú.

Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyí. Ẹni náà á wá táyà tó ti ṣá, tó ti di aláwọ̀ eérú. Á da ìpara rẹ̀ sórí fóòmù, á fi kun ìdajì táyà náà, á fi ìdajì tó kù sílẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, apá kan ti dúdú bíi kóró iṣin. Ẹ̀yin náà á wo apá kejì, ọwọ́ yín á ti wọ àpò.

Ẹ gbọ́ o, dídán ojú ẹsẹ̀ yẹn kò jẹ́rìí ohunkóhun. Kò sí òróró tí ẹ máa fi kun rọ́bà gbígbẹ tí kò ní dán. Òróró tí a fi ń dín nǹkan á dán. Ọ́ìlì tí wọ́n dà nù láti inú ẹ́ńjìnì náà á dán dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀tá rọ́bà ni. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi oníṣòwò kì í ṣe "Ṣé ó máa ń dán?" Ẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n fi pò ó?" Ẹ wá wo bó ṣe máa fèsì.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú ìpara táyà. Nínú méjèèjì, òróró àtọwọ́dá kan tó ń jẹ́ sílíkóònù ló sábà máa ń mú kí táyà dán, sílíkóònù yìí fúnra rẹ̀ kò sì ní ìjà pẹ̀lú rọ́bà. Ohun tí wọ́n fi pò ó ni ọ̀rọ̀ wà. Ti àkọ́kọ́, omi ni wọ́n fi pò ó. Ó máa ń funfun, kì í mọ́ gaara, kò sì ní òórùn epo. Táyà tí ẹ bá fi kùn á dúdú bó ṣe yẹ kí táyà tuntun dúdú, láìkọ mànà. Kì í pẹ́ lára táyà, òjò á fọ̀ ọ́ lọ, ẹ ó sì tún un kùn. Èmi fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, torí ohun tó rọrùn láti fọ̀ kúrò ni kì í kó ìdọ̀tí jọ.

Ti kejì, èròjà tí wọ́n yọ láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n fi yọ́ sílíkóònù inú rẹ̀. Ó sábà máa ń mọ́ gaara, ó máa ń ki, òórùn rẹ̀ sì sún mọ́ ti kẹrosíìnì. Ó ń dán ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ayédèrú. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe òótọ́ á kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò, ẹni tó bá rà á á mọ ohun tóun rà, á sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kùn lójoojúmọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ oníṣòwò tí mò ń sọ ni pé ó ń ta ti kejì lórúkọ ti àkọ́kọ́, nínú ìgò tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ àfi àwòrán ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí inú fi ń bí mi sí i tó báyìí. Rọ́bà táyà ti ní ààbò tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Èròjà dúdú lúbúlúbú kan tí wọ́n ń pè ní carbon black ló sọ ọ́ di dúdú, òun ló fún un lágbára, òun náà ló ń dènà ìtànṣán oòrùn kó má baà tètè bà á jẹ́. Wọ́n tún po èròjà kan tí wọ́n ń pè ní 6PPD mọ́ ọn, àti oríṣi ìda kan, nítorí ozone, gáàsì kan nínú afẹ́fẹ́ tó máa ń mú kí rọ́bà sán. Ìda àti 6PPD yìí kì í dúró sójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ti inú rọ́bà bọ́ sójú táyà, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn tí táyà ń tẹ̀ tó ń nà. Bí 6PPD bá bọ́ síta, á pọ́n rúsúrúsú. Pípọ́n rúsúrúsú tí ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí ẹ rò pé erùpẹ̀ ni, ara ààbò táyà tó ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán ni. Ẹ lè fọ̀ ọ́ kúrò láìfòyà, torí òmíràn ṣì wà nínú rọ́bà.

Ṣùgbọ́n bí èròjà epo rọ̀bì bá ń bà lé rọ́bà léraléra, ó lè máa bó ìda yẹn kúrò kí àkókò rẹ̀ tó tó. Epo tún máa ń wọ inú rọ́bà, á mú un wú, á mú un rọ̀. Ẹni tó ń kun táyà rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kó lè pẹ́ wá ń ná owó láti sọ ọ́ di aláìlágbára.

Onímọ́tò tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi kò rojọ́ nípa táyà rárá. Ohun tó ń bí i nínú ni àwọn àmì dúdú tó ta sára ọkọ̀ funfun rẹ̀, láti ẹ̀yìn táyà iwájú títí dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ìpara tí kò gbẹ ni táyà ń fọ́n ká bó ti ń yí. Mo fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ táyà, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, iyanrìn wẹ́wẹ́ sì bò ó. Mo da omi ọṣẹ sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo ó. Ìfóófòó ọṣẹ tó kọ́kọ́ jáde dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e pọ́n rúsúrúsú, mo sì gbo ó títí kó tó wá funfun. Ìgbà yẹn ni mo rí wọn: àwọn ìlà tín-ín-rín tó ti sán yí táyà ká, lápá ibi tó ti pàdé rìímù, àwọn mìíràn gùn tó ìka ọwọ́. Mo pe onímọ́tò náà kó wá wò ó. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ìpara náà máa ń dí ojú ibi tó bá sán.

Kò sí ìpara kankan tó lè so rọ́bà tó ti sán pọ̀. Kò sí. Ohun tó lè ṣe ni kó bo ojú rẹ̀ kí ẹ má rí i. Mi ò ní fi gbogbo ẹ̀bi sísán yẹn lé ìpara lórí, torí ọjọ́ orí táyà, oòrùn, ọkọ̀ tó dúró pẹ́ lójú kan àti táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó, gbogbo wọn ló máa ń fà á. Ṣùgbọ́n ìpara náà ni kò jẹ́ kí ẹni tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà mọ̀ pé táyà rẹ̀ ti ń lọ. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ kí ẹ tó sanwó? Ẹ ka ara ìgò. Bí ẹ bá rí "petroleum distillates", "naphtha" tàbí "mineral spirits", epo rọ̀bì ni, ohun yòówù kí oníṣòwò sọ. Àwòrán iná nínú àmì onígun mẹ́rin tó ní etí pupa ń sọ fún yín pé ó lè gbiná. Bí kò bá sí ohunkóhun lára ìgò, tí kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, tí kò sí nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é, ẹ dá a padà fún un. Ilé iṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ tún máa ń ní ìwé kan tó ń jẹ́ "safety data sheet" fún irú ọjà báyìí, abala mẹ́rìndínlógún ló ní. Abala kẹta ló ń sọ èròjà tó wà nínú rẹ̀, abala kẹsàn-án ló ń sọ bó ṣe rọrùn tó kó gbiná. Ẹ béèrè rẹ̀. Oníṣòwò ìgò àìlórúkọ kì í ní in, á sì máa bínú pé ẹ béèrè.

Ẹ tún lè kán an díẹ̀ sínú ife omi tó mọ́. Èyí tí wọ́n fi omi pò á tú ká, omi á sì di funfun. Èyí tó jẹ́ epo á léfòó. Ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan ṣá, torí ẹni tó bá gbówọ́ nínú jìbìtì lè po epo mọ́ ọṣẹ kó lè funfun kó sì tú ká, imú yín ló máa ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ẹ má sì ṣáná sí i láti dán an wò, mo bẹ̀ yín.

Ẹ fura sí ẹni tó bá ní kí ẹ kùn ún sórí táyà tó dọ̀tí, tó tún ní á lo oṣù mẹ́fà nínú òjò. Àwọn ìpara líle kan wà tó máa ń pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n nílò táyà tó mọ́ tónítóní àti àkókò tó pọ̀ láti gbẹ. Kò sí èyí tó máa ń di ìdọ̀tí mú tó sì ń pẹ́.

Àwọn tó ń ta táyà àlòkù náà mọ ìwúlò ìpara yìí. Wọ́n á kùn ún kó dà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni. Nítorí náà, ẹ mú àkísà àti omi ọṣẹ dání, ẹ nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà lójú ẹni tó ń tà á. Bó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí, ẹ yí táyà náà padà bí ẹ kò bá rí i. Ilé iṣẹ́ táyà Michelin sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ táyà tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, bí kò tilẹ̀ tíì jẹ. Ẹ wo inú kòtò ojú táyà tó ń tẹlẹ̀ pẹ̀lú: àwọn òkè kékeré tó dábùú inú rẹ̀ ń fi 1.6 mm hàn, bí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, ó ti parí. Bí kòtò náà bá jìn ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ rí wúruwùru, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ ni. Bí ẹ bá sì rí ibi tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn inú rẹ̀ ti já, kò sí àtúnṣe fún un.

Ẹni tó bá ra ìpara tó dára, kó fọ táyà títí ìfóófòó ọṣẹ fi funfun, kó jẹ́ kó gbẹ, kó fi fóòmù kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó dúró díẹ̀, kó wá fi aṣọ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kó tó wa ọkọ̀ jáde. Kó má kàn án mọ́ ojú tó ń tẹlẹ̀, kó má sì jẹ́ kó ta sára irin bíréèkì. Táyà alùpùpù kò gbọ́dọ̀ rí i rárá, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀ bó bá dẹ̀gbẹ́ níbi tó ti fẹ́ yà.

Bí ẹ bá ti ra ti oníjìbìtì yìí, ẹ má fi bẹntiróòlù nù ún kúrò, omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò, kí ẹ tún un ṣe títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbogbo etí táyà lójú ọ̀sán. Bí sísán náà bá jìn tàbí tí ẹ bá rí okùn inú rẹ̀, ẹ lọ bá oníṣẹ́ táyà kí ẹ tó tún gbé ọkọ̀ náà jáde sí títì. Ẹ má da èyí tó kù nínú ìgò sí gọ́tà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Ẹ ya fọ́tò ìgò náà àti rìsíìtì bí wọ́n bá fún yín, kí ẹ tó gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á, torí ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun lẹ ti rà á.