Èédú tiwọn, èédú tiwa: ohun tí mo rí nínú àwo Kentucky ti Panopticon

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbọ́ àwo orin yìí kí n tó jókòó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Kentucky ni orúkọ rẹ̀, ọdún 2012 ló jáde. Panopticon ni wọ́n kọ sára rẹ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ akọrin ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ló wà nídìí rẹ̀, Austin Lunn. Òun ló ń ta gìtá, òun ló ń lu ìlù, òun ló ń ta báńjò, òun náà ló ń kígbe. Irú orin tí wọ́n ń pè ní black metal ni: gìtá tí ń hó bí ìjì, ìlù tí ń sáré bí òjò lórí páànù, àti ohùn tí ó dà bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín á ti fẹ́ kọjá lọ. Ẹ dúró ná.

Ṣábẹ̀ ni mò ń gbé, ní ilẹ̀ Benin, lábẹ́ òkè. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Kútọnu lọ sí Parakú á ti rí àwọn òkè wa, àwọn àpáta ńlá tí wọ́n kàn yọ orí sókè lójijì láàárín ilẹ̀ títẹ́jú, tí àwọn Faransé fi wé ọmú obìnrin. Mo sọ èyí nítorí pé orí òkè ni àwo yìí dá lé. Òkè tí wọ́n bẹ́ lórí.

Ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Kentucky, láàárín àwọn òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà, èédú wà nínú ikùn òkè ní ìpele ìpele. Láyé àtijọ́, ènìyàn ló ń wọ ihò lọ wà á. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ rí i pé ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, bí wọ́n bá gé igbó orí òkè dànù, tí wọ́n lu ihò sínú àpáta, tí wọ́n ki ohun abúgbàù bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fọ́ orí òkè náà túútúú. Katakátá á wá kó èédú tó wà nísàlẹ̀. Àfọ́kù òkè ńkọ́? Inú àfonífojì ni wọ́n ń dà á sí, lórí àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn níbẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣírò pé láàárín 1992 sí 2002, gígùn àwọn odò orísun tí iṣẹ́ yìí bà jẹ́ ju kìlómítà 1,900 lọ. Ẹ rin ọ̀nà Kútọnu sí Parakú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ kò tíì rìn tó o.

Orin kẹfà ló ń ṣọ̀fọ̀ àwọn òkè náà. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pípa àwọn òmìrán lójú oorun. Lọ́jọ́ kan mò ń gbọ́ ọ lábẹ́ igi máńgòrò ilé wa, mo gbàgbé láti ki okùn rẹ̀ bọ etí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin jáde wá. Ọdẹ ni wọ́n nígbà tí agbára ṣì wà. Mo rò pé wọ́n á ní kí n pa ariwo yẹn. Wọ́n dúró, wọ́n tẹ́tí, wọ́n wá bi mí pé, “Ta ló kú?”

Mo ní, “Bàbá, òkè ni.”

“Òkè ń kú?”

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, òkè wa ni wọ́n ń wò. Ọmọ Ṣábẹ̀ wo ni kò mọ ohun tí wọ́n ń rò? Nígbà tí ogun Dahomey ń kó ènìyàn, orí òkè ni àwọn baba wa sá sí. Wọ́n wá ní, “Ẹni tí wọ́n pa òkè rẹ̀, bí ogun bá dé, ibo ló máa sá gbà?” Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó tì mí títí orin náà fi parí, ó sì gùn gan-an.

Ìbéèrè wọn ló la ariwo yẹn yé mi. Àwa náà ní irú rẹ̀. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sun ìrèmọ̀jé fún un, kò sì sí ẹni tí ń retí pé kí ohùn ẹni tí ń sun ìrèmọ̀jé dùn bí orin ijó. Ohùn á fà, á ha, á já. Ìrèmọ̀jé òkè ni Lunn ń sun. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ pé mò ń gbọ́ irú orin báyìí.

Kì í ṣe igbe nìkan ló wà níbẹ̀ o. Orin àkọ́kọ́ kò ní ohùn ènìyàn rárá. Báńjò ni wọ́n fi ń ta á, ó dà bí òwúrọ̀ tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Èyí tó kẹ́yìn náà tún padà sí ìṣe orí òkè wọn yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ohun èlò àwọn òyìnbó ni báńjò. Rárá o. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló ṣe é, ó sì bá àwọn ohun èlò olókùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tan. Nígbà tí mo bá gbọ́ ọ nínú àwo yìí, mo máa ń rántí pé ní àgbègbè tiwa níbí ni ogun ti ń kó àwọn ènìyàn lọ sí etíkun. Ohun tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú wá ló tún wá di ohun tí aláìní mìíràn fi ń sunkún ilẹ̀ tirẹ̀.

Orin kejì ni mo máa ń gbọ́ díẹ̀ tí màá fi sílẹ̀. Ìtàn pípa àwọn Cherokee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, nípakúpa lábẹ́ omi tí ń ya lulẹ̀ láti orí àpáta ló wà nínú rẹ̀. Àwọn òpìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìtàn náà, ṣùgbọ́n pé wọ́n lé àwọn Cherokee kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, ìyẹn kò ní iyàn. Mo gbà pé ó dára kí ó wà níbẹ̀, kí a mọ̀ pé kí wọ́n tó bẹ́ orí òkè, wọ́n ti kọ́kọ́ lé àwọn tó ni ín.

Ibi tí àwo yìí ti ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lójú tèmi ni ti ìṣèlú. Àwọn olórin irú èyí pọ̀ tó ń kọrin igbó. Wolves in the Throne Room láti Olympia, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, mo sì fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n igbó tiwọn máa ń dá páropáro, bí ẹni pé ènìyàn kankan kò gbé ibẹ̀ rí, kò sí ẹni tí ń ṣẹ́gi, kò sí ẹni tí ebi ń pa. Lunn kó ènìyàn wọ inú igbó tirẹ̀. Láàárín àwọn orin tó kọ fúnra rẹ̀, ó fi orin mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, obìnrin ló sì kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀kan ni ti Sarah Ogan Gunning, ọmọ awakùsà, aya awakùsà, tó sin ọmọ, tó sì sin ọkọ. Èkejì ni ti Florence Reece, òun ni orin karùn-ún nínú àwo. Ní 1931, ní Harlan ní Kentucky, àwọn awakùsà ń bá àwọn olówó èédú jà nítorí owó iṣẹ́ tí wọ́n gé, àti nítorí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí àwọn olówó kò fẹ́ rí. Ọkọ Florence wà lára àwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ jọ. Àwọn ọmọọṣẹ́ ṣẹ́ríìfù, olórí ọlọ́pàá àgbègbè náà, wá a wá sílé, wọ́n tú gbogbo ilé, wọn kò bá a, ìyàwó àti àwọn ọmọ ni wọ́n bá. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, obìnrin náà fa ewé kàlẹ́ńdà ya lára ògiri, ó kọ orin sí i, ó fi í sí ohùn orin ìjọ kan. Ìbéèrè kan ló ń yí padà nínú orin náà: Ẹ̀yìn ta lo wà? Ẹ̀kẹta, èyí tí mo fẹ́ràn jù, ni ti Jean Ritchie, orin keje, nípa odò tí ìwakùsà sọ di dúdú. Orúkọ ọkùnrin ni obìnrin yìí kọ́kọ́ ń fi bo ara rẹ̀ lórí irú orin bẹ́ẹ̀. Lunn kò kígbe nínú ìyẹn. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ jìnnà, bí ẹni tí omi ti bò.

Ohun tó mú mi gbà á gbọ́ nìyẹn. Kò bú àwọn awakùsà pé àwọn ni wọ́n ń ba òkè jẹ́. Nínú orin kẹrin, ohùn àwọn tó bá èédú jẹun ló gbà sílẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ọwọ́ tí ń wà á ni ọwọ́ tí wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí gan-an nìyí. Ní èdè wa, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Èyí tí wọ́n ń wà nínú òkè Kentucky, èédú ni. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sun lẹ́yìn oko wa, èédú ni. Wọ́n á gé igi, wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á fi koríko bò ó, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n á finá sí i lẹ́nu, wọ́n á sì máa ṣọ́ èéfín rẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí yẹ̀pẹ̀ bá lanu, tí afẹ́fẹ́ wọlé, gbogbo rẹ̀ á di eérú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ayìn ni wọ́n ń gé, nítorí èédú rẹ̀ le, ó sì máa ń pẹ́ lórí iná. Ayìn ti jìnnà sí wa báyìí. Wọ́n ti ń gé emi, igi tí àwọn ìyá wa ń ṣa èso rẹ̀ fi ṣe òrí. Owó èédú ni wọ́n fi rán mi lọ sí ilé-ìwé. Mo ti di àpò, mo ti rán ẹnu rẹ̀, mo ti gbé e sórí ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu. Nítorí náà, bí àwọn kan bá ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ igbó fún mi bí ẹni pé àwọn tó ń gé e kò ní orúkọ, etí mi a di. Àwo yìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó dárúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò, pàápàá fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ inú orin yìí. Norway ni black metal ti gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn kan nínú wọn dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan sì di ẹlẹ́yàmẹ̀yà pọ́nńbélé, wọ́n ń fi ìfẹ́ igbó àti ilẹ̀ baba bo ìkórìíra ènìyàn dúdú mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣì wà. Ẹ má kàn fi owó yín ra orin nítorí pé àwòrán igi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wádìí ẹni tó kọ ọ́. Lunn ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò sí lẹ́yìn irú wọn. Ká ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, mi ò ní sọ orúkọ rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbọ́ metal láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, ẹ wá ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor láti Lomé ní Togo, tí wọ́n fi ìlù Ewe sí i, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ayé sì ń ká lára. Tiwọn mú ara yá ju èyí lọ.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàì sí. Ẹ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú igbe rẹ̀ bí ẹ kò bá ka ohun tó kọ, èyí kò sì dára fún orin tó ní ọ̀rọ̀ tó báyìí láti sọ. Ìlù bo gìtá mọ́lẹ̀ láwọn ibì kan, lórí fóònù tí kò gbówó lórí á wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, àwa tí Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní láti máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ti owó sísan náà kò rọrùn: orí Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn, ni mo ti rà á, báǹkì tí mò ń lò kọ káàdì mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Kútọnu ló bá mi san án. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí o bá ti san án, tìẹ ni; o lè gbà á sínú fóònù, kí o máa gbọ́ ọ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ariwo. Ẹ gbọ́ orin kìíní, kí ẹ lọ sí ìkarùn-ún, kí ẹ lọ sí ìkeje. Bí àwọn yẹn bá wọ̀ yín lára, ẹ wá padà sí ìkẹrin àti ìkẹfà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n mi di àpò. Òun ló ní kí n fi èyí tó ní báńjò sí i, ó ní òun kò fẹ́ igbe. Mo fi í sí i. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ. Mo ní obìnrin kan ló ń bi àwọn ará ìlú rẹ̀ pé ẹ̀yìn ta ni wọ́n wà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí abẹ́rẹ́ àpò.

“Èmi náà ni ó ń bi?”

Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Ó ran ẹnu àpò náà tán, ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa òmíràn wá.

Ó ní, “Ẹ̀yìn ta ni obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ wà?”

Mo sọ ìtàn kàlẹ́ńdà náà fún un. Ó ní kí n tún orin náà fi sí i.