Ẹ ṣọ́ra fún owó òwìwí Athens tó ní àpá ìgé lẹ́yìn: pọ́n-ún 495 mi ti wọgbó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra owó àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ẹnìkan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta owó fàdákà àtijọ́ ti Athens, ìlú kan nílẹ̀ Gíríìsì, èyí tó ní òwìwí lẹ́yìn, tí àpá ìgé kan sì dábùú àyà òwìwí náà. Ayédèrú ni. Mo ti ra ọ̀kan. Pọ́n-ún 480 ni mo san, mo tún fi pọ́n-ún 15 lé e fún ìfiránṣẹ́. Pọ́n-ún 495! Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, torí kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tí mò ń rà.

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Tetradrachm ni wọ́n ń pè é, owó dírákímà mẹ́rin, irú èyí tí Athens lù láàárín nǹkan bí ọdún 454 sí 404 ṣáájú ìbí Kristi. Orí Athena, òrìṣà obìnrin wọn, wà níwájú, ó dé àṣíborí ogun, ewé ólífì mẹ́ta tò sára àṣíborí náà. Ẹ̀gbẹ́ ni ojú rẹ̀ kọ sí, síbẹ̀ ẹyinjú rẹ̀ rí bí ti ẹni tó ń wo wa lóòókán. Bí àwọn àgbà oníṣẹ́ ọnà wọn ṣe ń yà á nìyẹn, Athens ò sì yí i padà títí ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn, òwìwí dúró, ó yí ojú ńlá méjèèjì sí wa, ẹ̀ka ólífì àti òṣùpá tín-ín-rín wà lẹ́yìn orí rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta ΑΘΕ wà níwájú rẹ̀. Ẹyẹ tó jẹ́ pé bó bá ké lóru àwa á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹyẹ òrìṣà wọn ni, àwọn ará Athens a máa yọ̀ tí wọ́n bá rí i. Fàdákà rẹ̀ wá láti inú ilẹ̀ Laurion, ibi ìwakùsà àwọn ará Athens. Ní nǹkan bí ọdún 483 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n kan fàdákà rẹpẹtẹ níbẹ̀, àwọn ará ìlú fẹ́ pín in, Themistocles, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, ní rárá, ẹ jẹ́ ká fi kan ọkọ̀ ogun. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi lé Páṣíà nínú ogun ojú omi ní Salamis ní ọdún 480. Ta ni kò ní fẹ́ mú fàdákà ibẹ̀ dání?

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbà á gbọ́. Àpá ìgé yẹn ló tàn mí. Láyé ọjọ́un, pàápàá ní Íjíbítì àti àwọn ilẹ̀ tó wà lápá ibẹ̀, bí wọ́n bá fi owó òwìwí san owó ọjà fún ẹnìkan, kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Á fi irin ẹlẹ́nu mímú gé e kó lè rí inú rẹ̀, bóyá fàdákà ni tàbí bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Wọn ò ṣàṣejù o. Athens fúnra rẹ̀ lu owó bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ní nǹkan bí ọdún 406, nígbà tí ogun Sparta ti gbọn àpò wọn gbẹ. Nítorí náà, bí mo ṣe rí àpá ìgé nínú fọ́tò, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ẹnìkan ti yẹ̀ ẹ́ wò fún mi láti nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn.

Oníjìbìtì yìí mọ̀ pé bí a ṣe máa rò ó nìyẹn! Wọ́n mú ojúlówó kan tí wọ́n ti gé nígbà àtijọ́, wọ́n tẹ ojú rẹ̀ méjèèjì sínú nǹkan rírọ̀, wọ́n da irin yíyọ́ sí i. Àpá bá a jáde. Kò sẹ́ni tó gé owó yìí rí. Àpá tí wọ́n bí mọ́ ọn ni.

Iye tó pè é náà ò fu mí lára. Owó òwìwí ti pọ̀ lọ́jà ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, iye rẹ̀ sì ti wálẹ̀, torí náà pọ́n-ún 480 kì í ṣe ẹ̀dínwó tó yẹ kó kó ẹ̀rù bá ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n fi owó náà ránṣẹ́ bí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, kí àwọn tó ń bá wa gbé owó má baà yọ nínú rẹ̀. Mo ṣe é. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ lọ́nà yẹn kò lè gbà á padà, mo sì ṣe é, nítorí kí ó lè dín pọ́n-ún 20 kù fún mi. Pọ́n-ún 20 péré! Èyí jẹ̀bi mi, mi ò ní parọ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò nígbà tó dé. Gíráàmù 15.84. Ojúlówó máa ń tó nǹkan bí 17.2, èyí tó ti gbó lè dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó lé ní gíráàmù kan kì í sọnù lára owó tí ìyẹ́ àyà òwìwí rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Mo kọ̀wé sí i. Ó ní ilẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ilẹ̀ wo ló ń jẹ ìwọ̀n tí kì í jẹ ìyẹ́? Ẹ bá mi bi í!

Mo wá yẹ̀ ẹ́ wò nínú omi. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n tó lè ka gíráàmù dé 0.01, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ so owó náà mọ́ fọ́nrán òwú, ẹ rì í sínú omi títí omi á fi bò ó pátá, kó má fara kan ìdí ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọn ún díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà nígbà yẹn ni ìwọ̀n omi tí owó náà tì kúrò láyè rẹ̀. Tèmi kà 1.80. Ẹ fi 1.80 pín 15.84, 8.8 ló jẹ́: ìlọ́po tí ìwọ̀n owó náà fi ju ti omi tó tì kúrò nìyẹn. Fàdákà gidi yẹ kó sún mọ́ 10.49, bàbà ò ju 8.96 lọ. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, mo pààrọ̀ omi, mo pààrọ̀ òwú, bí ẹni pé òwú ló lè sọ bàbà di fàdákà. 8.8 náà ni.

Mo wá gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá lé e. Ní àyíká ẹnu òwìwí, níbi tí ojú irin tẹ́ pẹrẹsẹ, ihò wínníwínní ló kún ibẹ̀ bí inú búrẹ́dì. Afẹ́fẹ́ tó há sínú irin yíyọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n fi òòlù lù kì í ní in. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sá láti àárín lọ sí etí ni èyíinì máa ń ní, torí pé irin gbígbóná sá fún òòlù. Lẹ́tà ΑΘΕ rẹ̀ kúnjú bí orúkọ lára ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta. Mo yí etí rẹ̀ wò: dípò ibi tí òòlù ti fà á ya, ìlà fáìlì, irin tí wọ́n fi ń ha irin, ni mo rí, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, níbi tí wọ́n ti ha ojú ìpàdé ìdajì méjèèjì dànù. Mo ki òwú sínú acetone, omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, mo fi nu dúdú inú ìyẹ́. Ó ṣí wá sára òwú bíi ti ojú ìkòkò. Dúdú ara fàdákà tó pẹ́ nílẹ̀ kò bìkítà fún acetone. Ọ̀dà ni wọ́n kùn ún!

Àpá ìgé ńkọ́? Bí irin bá gé fàdákà lóòótọ́, ètè ibi tó gé máa ń yọ sókè díẹ̀, ògiri inú rẹ̀ máa ń mú, ìdí rẹ̀ á rí ṣóńṣó, òdìkejì owó náà sì sábà máa ń tẹ́ díẹ̀ torí ilẹ̀ líle tí wọ́n gbé e lé. Ìdí àpá tèmi rí róbótó bí ìdí ṣíbí, ihò wínníwínní yẹn náà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wà nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí mi! Èmi ni mi ò fẹ́ rí i.

Èyí tó tún wá ba inú mi jẹ́ jù: mo padà lọ wo àwọn ọjà tó ti tà. Mo rí méjì mìíràn, àpá kan náà, ibì kan náà, gígùn kan náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu owó àtijọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì lè jáde lábẹ́ irin òǹtẹ̀ kan náà, irin tí wọ́n gbẹ́ àwòrán owó sí, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n etí méjèèjì ò lè rí bákan náà, òǹtẹ̀ ò lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bákan náà, àwọn méjì tí wọn ò mọra wọn ò sì lè gé wọn lójú kan náà. Kò ṣeé ṣe. Mo fi fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí i. Ó ní ìbejì ni wọ́n. Ó ní ìbejì! Mo ní kó dá owó mi padà. Ó dènà nọ́ńbà mi.

Àwọn kan máa ní ojúkòkòrò ló pa mí. Kì í ṣe ojúkòkòrò. Mo bi í léèrè ìwọ̀n kí n tó sanwó, ó kọ 17.18 sí mi. Irọ́ ló kọ. Kí ni olùrà tún lè ṣe? Ó dáa, mo lè ní kó gbé owó náà sórí òṣùwọ̀n kó ya á ní fọ́tò, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí wọ́n jà lólè ni ẹ máa bá wí ni?

Ó fi ìwé ẹ̀rí sí i o, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa. Ìwé tí olùtà kọ fún ara rẹ̀! Mi ò tún gba ìwé ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ní 2020 wọ́n ta owó wúrà Brutus kan ní London, èyí tí wọ́n lù nítorí bí Brutus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pa Késárì, olórí Róòmù, iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ún lọ. Owó náà jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ìwé tó ń sọ ọwọ́ ẹni tó ti wá, irọ́ ni. Ní 2023 wọ́n dá a padà fún ìjọba Gíríìsì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olówó, ta ni ká gbẹ́kẹ̀ lé? Lójú mi báyìí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣòótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú sí mi.

Ẹ yára mú ìwọ̀nyí: ẹ má fi owó ránṣẹ́ bí ti ọ̀rẹ́ àti ẹbí láé. Ẹ béèrè fọ́tò owó náà lórí òṣùwọ̀n, àti fọ́tò etí rẹ̀ yípo. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ wá ẹ̀dà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó. Ẹ fura sí èyí tó rí róbótó jù, tí gbogbo ìyẹ́ orí àṣíborí Athena hàn pátá; irin òǹtẹ̀ wọn sábà máa ń tóbi ju owó náà lọ, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ gé kúrò. Bí omi bá sọ pé fàdákà ni, ẹ má tíì yọ̀, torí àwọn mìíràn ń fi fàdákà gidi lu ayédèrú, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 375 ṣáájú ìbí Kristi, Athens ṣe òfin kan tí Nikophon gbé kalẹ̀. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí ni wọ́n hú jáde lọ́jà Athens ní 1970. Ẹrú ìjọba kan á jókòó láàárín ọjà, á máa yẹ fàdákà wò. Bó bá rí èyí tó ní bàbà tàbí òjé nínú, á gé e lójú ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Lánàá, mo de tèmi mọ́ tábìlì, mo fi ayùn irin gé e. Ó gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fàdákà ojú rẹ̀ kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ. Gbogbo inú rẹ̀ pupa.

Mo ṣí ojú ewé rẹ̀ wò láàárọ̀ yìí. Ó ti gbé òmíràn síbẹ̀, àpá náà dábùú àyà òwìwí náà. Ó ń ta á ní pọ́n-ún 520.