Kérésì ní Àgbádárìgì: àgbéyẹ̀wò ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ méjì láti Ìbàdàn

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó ìrìn-àjò Kérésì sí Àgbádárìgì, kó kọ́kọ́ bi àwọn tó ń kó èèyàn lọ pé: ibo lẹ máa mú wa lọ ṣáájú? Ibẹ̀ ni ìrìn-àjò yìí ti dùn, ibẹ̀ náà ló ti bàjẹ́. Ìlú tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ èèyàn lọ sí òkè òkun náà ni àwọn oníwàásù ti kó ará ìlú jọ sábẹ́ igi Agia, tí wọ́n sì ṣe Kérésì níbẹ̀ lọ́dún 1842. Ẹkún àti ayọ̀ wà lójú kan náà. Bí ẹni tó ṣètò kò bá mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú, àtẹ̀yìnwá àtiwájú ló máa bàjẹ́.

Ọkọ̀ Hiace kan ló kó wa ní Challenge, èèyàn mẹ́rìnlá, ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì Kérésì. Ìjókòó dáa, awakọ̀ kò sáré àsápajúdé. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú ètò, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà la lò. Kì í ṣe ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ló jẹ àkókò náà. Láti Mile 2 lọ ni, pàápàá lẹ́yìn Okokomaiko: kòtò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lẹ́yìn náà àwọn ibi àyẹ̀wò tó tò tẹ̀lé ara wọn láti Agbára lọ, nítorí ọ̀nà ẹnubodè Sẹmẹ̀ ni. Káàdì ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ẹni kan ṣoṣo tí kò bá mú tirẹ̀ lọ́wọ́ lè dá gbogbo ọkọ̀ dúró.

Ìpẹ́dé yìí ló da ohun gbogbo rú. Ọjà ẹrú Vlekete àti túbú ẹrú ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, kí èèyàn tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gberefu. Nígbà tí aago mọ́kànlá ti lù, adarí ètò sọ pé ká máa lọ sí Gberefu tààrà, ká jẹun ọ̀sán Kérésì létíkun, kí túbú dọjọ́ kejì. Wọ́n gbé sípíkà àti kúlà ọtí dání. Lójú ọ̀nà etíkun náà ni kànga wà, èyí tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Amọ̀nà ń sọ̀rọ̀, orin ń dún, ìgò wà lọ́wọ́ àwọn kan. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Èyí kò dáa rárá, àṣìṣe adarí ètò ni, kì í ṣe ti àwọn èrò: ẹni tí kò tíì rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, kí ló fẹ́ fi mọ ohun tí kànga yẹn jẹ́?

Nípa Gberefu fúnra rẹ̀: láìfù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ló wà fún èèyàn mẹ́rìnlá. Ẹ má wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kó yín lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ìrìn yanrìn ló kù, ó tó ìdajì wákàtí fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbà. Ní aago kan ọ̀sán, yanrìn ń jó ẹsẹ̀, nítorí náà sálúbàtà tó ní okùn lẹ́yìn ló dáa. Ẹni kọ̀ọ̀kan nílò omi tó tó lítà kan àbọ̀, kì í ṣe ike kékeré kan tí wọ́n pín. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè gun ọ̀kadà ibẹ̀. Níbi Ojú Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ òkun, òpó méjì ló dúró kọjú sí òkun. Ó yẹ kí èèyàn dé ibẹ̀ láàárọ̀, ní ìdákẹ́jẹ́.

Òtẹ́ẹ̀lì mọ́ tónítóní, oúnjẹ pọ̀, ẹja yíyan wọn sì dùn.

Ọjọ́ kejì ló gba owó wa là. Ní túbú Sérìkí Abass, amọ̀nà pín wa sí méjì, èèyàn méje méje, torí yàrá kéré, fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò lọ. Ogójì irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Abass fúnra rẹ̀, wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á, ó dé Brazil, ó padà wá di ẹni tó ń ta ẹlòmíràn. Amọ̀nà yìí kò fi bò: ogun tí Yorùbá ń bá Yorùbá jà wà lára ohun tó ń bọ́ ọjà náà. Ọmọ Ìbàdàn, ìlú ológun, nílò láti gbọ́ èyí. Ẹ béèrè amọ̀nà tó ń sọ Yorùbá, wọ́n wà, àlàyé wọn sì jinlẹ̀ ju ti gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní ilé Mobee, tí wọ́n ń kó ohun èlò òwò ẹrú sí fún ìrántí, àgádágodo tí wọ́n fi ń ti ẹnu ẹrú wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tí kò tó ọdún mẹ́wàá wọlé láìsí òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ la lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí lọ́dún 1845, níbi tí wọ́n ní Àjàyí Crowther gbé. Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn wa níhìn-ín, ni wọ́n ti kó o lẹ́rú lọ́dún 1821. Lẹ́yìn náà ni ojúbọ igi Agia. Igi náà ti wó lọ́dún 1959, òpó ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Níbẹ̀ ni àwọn èrò ọkọ̀ wa ti kọ orin Kérésì. Lẹ́yìn túbú àti ilé Crowther, orin náà wọni lára. Ìyẹn ni ètò tó tọ́, ó sì jẹ́ pé ìpẹ́dé ọjọ́ kìíní ló ṣèèṣì mú un wá.

Bí wọ́n bá tún gbé e jáde, kí wọ́n kúrò n'Ìbàdàn ní ọ̀sán Kérésì, kí wọ́n sun Àgbádárìgì mọ́jú, kí Vlekete àti túbú jẹ́ ti àárọ̀, Gberefu ṣáájú aago mẹ́wàá àárọ̀ kejì, kí sípíkà má kọjá òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ mú owó kéékèèké dání, torí ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó ìwọlé tirẹ̀. Àgbọn ni kẹ́ ẹ rà bọ̀ wálé. Ẹni tó bá ra àpò ìrẹsì òkèèrè sínú ọkọ̀, àwọn aṣọ́bodè máa tú gbogbo ẹrù yín sílẹ̀ lójú títì.