Ilé Ẹ̀gbẹ́ Rélùwéè Kékeré: Oníke, Onípákó, Onírẹ́sìn àbí Onípáálí?

Àwòrán tó wà lára àpótí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan kíìtì ilé, ìyẹn ẹ̀yà ilé kékeré téèyàn máa tò pọ̀ fúnra ẹ̀, tí wọ́n fẹ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè kékeré àfiṣeré wọn. Àwòrán náà máa ń rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe ilé yẹn àti ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ká má fọ̀rọ̀ gùn: bó bá jẹ́ ilé àkọ́kọ́ yín, ẹ ra oníke. Bó bá jẹ́ èyí tó máa wà níwájú pátápátá, tó sì jẹ́ pé pákó ni wọ́n fi kọ́ irú rẹ̀ gangan, onípákó ni kẹ́ ẹ lọ fún.

Ìwọ̀n ló ṣáájú o. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń dárúkọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan; 1:87 túmọ̀ sí pé ohun gidi fi ìlọ́po 87 tóbi ju ti kékeré lọ. HO jẹ́ 1:87, N jẹ́ 1:160, O ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 1:48. OO tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1:76, bẹ́ẹ̀ mílímítà 16.5 kan náà tó wà láàárín irin méjèèjì HO ló wà láàárín tirẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń rú àwọn tó ń rajà lójú. Ọkọ̀ á gba orí irin náà kọjá, ṣùgbọ́n ilé ò ní bá ọkọ̀ mu: ilẹ̀kùn tó ga ní mítà méjì á jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 23 ní HO, 26 ní OO.

Oníke ni irú èyí tí Walthers ní Amẹ́ríkà àti Faller ní Jámánì ń tà. Bíríkì ti wà lára ògiri, fèrèsé ti gún régé, gọ́ọ̀mù olómi tó ń yọ́ etí ike á sì so ó pọ̀ kíákíá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń dán, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń là á kọjá bẹ́ ẹ bá tan iná sínú rẹ̀. Ọ̀dà tí kì í dán ló ń wo ti àkọ́kọ́ sàn. Ti èkejì, ẹ kun inú ògiri ní dúdú kẹ́ ẹ tó tò ó.

Onípákó tí wọ́n fi iná lésà gé ló ń mú ojú mi dúró. Ìlà ara igi rẹ̀ kì í ṣe àfarawé, férémù fèrèsé rẹ̀ sì tín-ín-rín débi tí ike kì í sábà dé. Táńkì omi onígi tí wọ́n fi irin gbá lámùrè, irú èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì eléèédú lómi ní Amẹ́ríkà, pákó ló yẹ ẹ́. Àmọ́ ó ń fẹ́ sùúrù. Bí ọ̀dà olómi bá kan ojú kan ṣoṣo, pákó á lọ́. Torí náà, ẹ kun ojú méjèèjì, kẹ́ ẹ sì fi igi ti ògiri látinú. Ilé ìgbé-èédú, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gba èédú, tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ ńkọ́? Ẹ má fi pákó da ara yín láàmú.

Rẹ́sìn, ìyẹn irú ike olómi tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù títí tó fi le, àti pilásítà dára fún ògiri olókùúta. Pilásítà wúwo, ó sì máa ń kán, ṣùgbọ́n ó ń mu àwọ̀ dáadáa. Rẹ́sìn gba kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó kùn ún. Eruku rẹ̀ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró: ẹ bo imú, ẹ fi omi sí i bẹ́ ẹ bá ń ha á.

Páálí, irú ti Metcalfe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀, kò sì nílò ọ̀dà. Etí tí wọ́n gé ló máa ń funfun. Ẹ fi bírò aláwọ̀ pa á rẹ́. Ẹ̀yìn ni mo máa gbé tiẹ̀ sí.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ wo ìbú àti gígùn ìdí ilé tí wọ́n kọ sára àpótí, kẹ́ ẹ gé bébà tó tóbi bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ síbi tẹ́ ẹ ń rò. Bí ojú irin bá tẹ̀ níbẹ̀, àárín ọkọ̀ gígùn á yọ sínú, ìpẹ̀kun rẹ̀ á yọ síta. Ọkọ̀ tó gùn jù lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ tì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà náà, kẹ́ ẹ tó sanwó.