Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lórí irin: ṣé kí ẹ ra decoder, bátìrì, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ẹ́ńjìnnì kan wà nílé wa ní Mọ̀kọ́lá tó dàgbà jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1971, Tri-ang Hornby (ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan) ló ṣe é, ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kékeré tó lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà tí wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin tuntun ní Móníyà ní 2021 ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ọkọ̀ gidi ti di ìgbàlódé, kí ló dé tí tiwa ṣì wà níbi tó wà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí. Ẹ lè ki decoder, ìyẹn bóòdù kékeré tó ń gba àṣẹ, bọ inú rẹ̀, kí ẹ máa fi DCC darí rẹ̀, ìyẹn ìlànà tó ń gba ojú irin fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi bátìrì sí i, pẹ̀lú bóòdù kékeré tó ń gbọ́ràn sí fóònù. Tàbí kí ẹ má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá, kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀rọ ìdarí nìkan. Gbogbo wọn ló dùn lẹ́nu ẹni tó ń tà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mọ bí tàtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Iná DC ni, láti 0 dé 12 fóòtì, ó ń gba irin kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Iná pọ̀, ọkọ̀ sáré; ẹ yí pọ́sítíìfù sí nẹ́gátíìfù, ó fẹ̀yìn rìn. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì méjì sórí irin kan náà, àwọn méjèèjì á jọ gbéra ni, bí àwọn tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ pọ̀.

Lórí DCC, iná kì í lọ sókè sódò. Nǹkan bíi 15 fóòtì ló wà lórí irin nígbà gbogbo, tó ń yí pọ́sítíìfù sí nẹ́gátíìfù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú yíyí yẹn ni àṣẹ wà. Decoder tó wà nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ń tẹ́tí, nọ́ńbà tirẹ̀ nìkan ló sì ń jẹ́, bí ọmọ tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láàárín èrò. Nọ́ńbà 3 ni wọ́n sábà máa ń fún wọn láti ilé iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa yí i padà. Lenz ní Jámánì ló pilẹ̀ rẹ̀, NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré ní Amẹ́ríkà, sì sọ ọ́ di ìlànà gbogbogbòò ní àwọn ọdún 1990. Ìdí nìyẹn tí decoder Zimo láti Ọ́sítríà fi lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ ìdarí Digitrax ti Amẹ́ríkà. Fún ẹni tó ń ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ bíi tiwa, èyí ju gbogbo ìpolówó lọ.

Ní ti owó, decoder lásán sábà máa ń wà láàárín 20 sí 40 dọ́là. Èyí tó ń fọn fèrè, tó ń hó bí ẹ́ńjìnnì gidi, máa ń tó 100 dọ́là tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò sì tíì ka owó tí wọ́n máa fi gbé e wá. Ẹ̀rọ ìdarí wá lọ́tọ̀, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń pọ̀. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè fi Arduino Mega (bóòdù kọ̀ǹpútà kékeré), motor shield (bóòdù tó ń gbé iná fún irin) àti bóòdù WiFi ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú DCC-EX, sọ́fítíwíà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kó sì máa fi fóònù darí ọkọ̀.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ti ń fìyà jẹ èèyàn nìyí. Motor inú tèmi, X04 ni wọ́n ń pè é, ní kábọ̀n méjì (àwọn ni wọ́n ń gbé iná wọ inú motor) tí sípíríìnì kan dì mú. Ẹ wo sípíríìnì yẹn dáadáa lábẹ́ iná: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ ìbọ̀sẹ̀ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ kejì wà ní ìhòòhò. Èyí tó wà ní ìhòòhò ń kan ṣásíìsì, ṣásíìsì sì ń gba iná láti ojú irin tààrà. Lórí DC, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lórí DCC, ikú decoder ni. Èmi ò mọ̀. Mo so wáyà decoder aláwọ̀ ọsàn mọ́ kábọ̀n kan, aláwọ̀ eérú mọ́ èkejì, pupa sí ojú irin ọ̀tún, dúdú sí òsì, mo gbé e kalẹ̀, mo sì gbọ́ "tá" kékeré kan. Chip dúdú inú decoder wú lójú kan bí ìléròrò, òórùn ike jíjó gba yàrá.

Oníṣẹ́ rédíò kan ní Ògùnpa ló là mí lójú. Ó fi ẹnu mítà kan kábọ̀n, ó fi èkejì kan wíìlì, mítà dún píìì.

"Bọ̀dá, ẹ̀ ń gbọ́ ọ? Kò yẹ kó dún."

Ó bọ́ rọ́bà ara wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi wọ ẹsẹ̀ tó wà ní ìhòòhò. Mítà dákẹ́. Kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó tún ní kí n wọn nǹkan kan kí n tó ra òmíràn. Ẹ fún motor ní 12 fóòtì DC, kí mítà wà láàárín lórí ámpì, ẹ fi ìka di wíìlì mú títí á fi dúró, ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí ẹ ka ojú mítà. 1 ámpì ni ọ̀pọ̀ decoder fún ọkọ̀ ìwọ̀n OO àti HO (irú tèmi yìí) lè gbé láìsinmi. Ti ìwọ̀n N, tí ọkọ̀ rẹ̀ kéré jù, kéré sí i. Bí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òòfà rẹ̀ ló ti rẹ̀, torí òòfà tó rẹ̀ ló ń jẹ́ kí motor máa jẹ iná bí ẹni tí ò jẹun láti àná. Ẹ pààrọ̀ òòfà, kí ẹ tún un wọn.

Bátìrì yọ yín nínú púpọ̀ nínú wàhálà yìí. ESP32 kan (bóòdù tó ń gbọ́ràn sí fóònù), bóòdù kékeré tó ń darí motor, lithium méjì tó para pọ̀ jẹ́ 7.4 fóòtì, kí ẹ gé wáyà tó ń gba iná láti wíìlì, ó parí. Eruku ọyẹ́ tó ń bo ojú irin kò kàn án. Lórí DCC, bí wíìlì bá gun ìdọ̀tí, decoder á kú, á tún jí, fèrè á bẹ̀rẹ̀ látorí, àfi tí ẹ bá ra keep-alive, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ fún un, kún un. Ṣùgbọ́n níbo lẹ máa kó bátìrì sí? Ẹ́ńjìnnì tó ń fa ọkọ̀ èédú lẹ́yìn ní àyè; èyí tí gbogbo ẹrù rẹ̀ wà lára bọ́dì kan ò ní. Motor tí wọ́n ṣe fún 12 fóòtì á sì lọ́ra lórí 7.4. Bí ẹni tó ṣe app yín bá sì pa á tì, kò sí NMRA tó máa gbà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣájà tirẹ̀ ni kí ẹ fi máa ṣájì lithium, lójú yín.

Ọ̀nà kẹta ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ ìdarí DC tuntun tó ń fún motor ní iná wẹ́wẹ́ á jẹ́ kó rìn jẹ́jẹ́ ju ti ìṣáájú lọ. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo lẹ ní, tí páálí rẹ̀ ṣì wà, tí kíkùn rẹ̀ ò tíì họ, ibí ni kí ẹ dúró sí. Àwọn tó ń kó irú ẹ̀ jọ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti gé.

Ìbéèrè kan wà tí ará Lọ́ńdọ̀nù ò ní bi yín: bí iná bá lọ ńkọ́? Oní-bátìrì ń bá tirẹ̀ lọ. DCC-EX ò tún ju 12 sí 14 fóòtì lọ, nítorí náà bátìrì inverter 12 fóòtì lè gbé e, kí fíùsì ṣáà wà láàárín. Ẹ má fi ṣájà láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ 19 fóòtì dán an wò.

Bó bá jẹ́ pé àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ ka àkọlé rẹ̀ dáadáa. "DCC Ready" kò túmọ̀ sí pé decoder wà níbẹ̀. Ihò tí wọ́n máa kì í bọ̀ ló wà, ihò mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà. "DCC Fitted" ni èyí tó ní in. Tó bá ti ní ihò, ẹ ò ní jó lẹ́ẹ̀dì kankan, kò sì sí sípíríìnì oníhòòhò.

Ní tèmi, ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì méjì sókè, DCC ni kó rà. Èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wà lórí rẹ̀ báyìí, nọ́ńbà 71 ni mo fún un. Kò ní fèrè. Owó fèrè ló wà nínú èyí tó jóná.