Metafor: ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ìwé àṣekágbá nínú sàíkọ́lọ́jì, tí ọ̀gá yín ti ní kí ẹ ṣe meta-analysis (pípa èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ di ẹyọ kan), ẹ má tíì náwó lé sọ́fítíwìà kankan. Metafor ni mò ń lò, orí R, ìyẹn èdè kóòdù ọ̀fẹ́ fún ìṣirò, ló ti ń ṣiṣẹ́. Wolfgang Viechtbauer ti Yunifásítì Maastricht ló ṣe é. Kò jẹ dátà púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, ẹ lè pa íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àlàyé àti àwọn àkójọ ìwádìí tẹ́ ẹ máa fi kọ́ṣẹ́ á ti bá a wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn àkójọ yẹn ló mú mi lọ́kàn jù: dat.raudenbush1985. Ìwádìí 19 ló wà níbẹ̀. Wọ́n sọ fún olùkọ́ pé àwọn ọmọ kan máa tó ta ẹgbẹ́ wọn yọ, bẹ́ẹ̀ kèké ni wọ́n ṣẹ́ mú àwọn ọmọ náà. Ṣé IQ wọn á wá ga lóòótọ́? Rosenthal àti Jacobson ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1968, ariwo sì sọ. Ẹ tẹ ìlà kan péré (rma ni àṣẹ tó ń pa èsì pọ̀, yi ni èsì ìwádìí kọ̀ọ̀kan, vi ni variance rẹ̀):

rma(yi, vi, data=dat.raudenbush1985)

Ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ tó máa jáde láàárín àwọn ọmọ náà àti àwọn yòókù ò ju nǹkan bí 0.08 lọ, ààlà ibi tó ti lè wà (confidence interval) sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òdo. Ẹlòmíì á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, á pa kọ̀ǹpútà dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo I², ìwọ̀n bí èsì àwọn ìwádìí ṣe yàtọ̀ síra ju ti èèṣì lásán lọ: nǹkan bí 42%. Ẹnu àwọn ìwádìí náà ò kò nìyẹn. Ẹ wá fi mods (ibi tí ẹ ti ń sọ ohun tó lè fa ìyàtọ̀ náà) kún un, kẹ́ ẹ fi iye ọ̀sẹ̀ tí olùkọ́ ti fi mọ ọmọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ ka èyí tó bá ju 3 lọ sí 3. Ọ̀rọ̀ á yanjú. Níbi tí olùkọ́ ò tíì mọ ọmọ, irọ́ náà jẹ́. Níbi tó ti mọ̀ ọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ràn án. Ta ló fẹ́ wá júwe ọmọ fún olùkọ́ tó ti ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀?

Ó ní àléébù o. Kò sí bọ́tìnì, kóòdù lẹ máa kọ. Forest plot rẹ̀, ìyẹn àwòrán tó ń to èsì ìwádìí kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ ara wọn, rẹwà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi òpó ọ̀rọ̀ kún un, ó lè gba pé kí ẹ̀yin fúnra yín sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dúró sí, kí wọ́n má bàa gun ara wọn. Kò sì ní bá yín wá ìwé, kò ní bá yín yọ èyí tí kò yẹ kúrò. Iṣẹ́ yín nìyẹn.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ìwádìí kan ṣoṣo á ní èsì mẹ́rin, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú rma bí ẹni pé wọn ò bára wọn tan. Àṣẹ rma.mv, tó mọ̀ pé irú èsì bẹ́ẹ̀ bára wọn tan, lẹ máa lò fún irú ìyẹn.

Ẹni tí kóòdù bá ń dẹ́rù bà, kó gba JASP, sọ́fítíwìà ìṣirò mìíràn, òun náà ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní bọ́tìnì. Metafor yìí kan náà ló ń bá a ṣe ìṣirò lábẹ́lẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Forest plot ló gba ọ̀kan tó kù.