Pijó 504 àti Pijó 505: Èwo ló mọ ọ̀nà òkè rìn jù?

Pijó méjì ni mo ní nílé, 504 àti 505 GR, ọ̀nà kan náà ni mo sì máa ń wa àwọn méjèèjì gbà, láti Ìbàdàn lọ sí Adó-Èkìtì. Ohun tí ó jẹ́ kí ó wù mí láti fi wọ́n wé ara wọn ni pé ẹ́ńjìnnì kan náà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1971 cc, tí kábúrétọ̀ sì ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún, ni ó wà nínú wọn, síbẹ̀ ìrìn wọn kò jọra rárá.

Jíà mẹ́rin ni 504 mi ní, ọ̀pá jíà náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitiárìn. Jíà kejì rẹ̀ lágbára débi pé, bí èrò àti ẹrù tilẹ̀ kún inú rẹ̀, yóò gun òkè láìjanpata. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú, tí eré bá ti kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ariwo ẹ́ńjìnnì a máa pọ̀, nítorí kò sí jíà mìíràn tí a lè fà á sí. 505 mi ní jíà karùn-ún. Bí mo bá ti fi í sí i, ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, a ó sì lè máa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ láìpariwo.

Orí òkè Ẹfọ̀n-Alààyè, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù. Sípíríǹgì 504 rọ̀, nítorí náà bí mo bá yà sí kọ́nà, ara ọkọ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á fi rò pé ó fẹ́ dojú dé. Kò ní dojú dé, nítorí táyà rẹ̀ mú ilẹ̀ dáadáa. Sitiárìn rẹ̀ wúwo nígbà tí a bá ń páàkì, àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, ọwọ́ mi máa ń mọ gbogbo ohun tí táyà iwájú tẹ̀. 505 kì í fì tó bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù ń bá awakọ̀ yí sitiárìn, ibi tí mo bá kọ ojú rẹ̀ sí ni ó ń lọ láìjáfara, ọkàn mi sì balẹ̀ sí i lórí kọ́nà ju ti 504 lọ. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kẹta ni mo fi ń dín eré àwọn méjèèjì kù, kí búrẹ́ẹ̀kì má baà gbóná jù.

Níbi tí ọ̀dà bá ti hó, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Àwọn kòtò tí ó ń mú kí 505 gbá mọ́lẹ̀ ni 504 ń rọra gbé mì. Kò yà mí lẹ́nu pé irú rẹ̀ ni Ove Andersson, awakọ̀ ìdíje ọmọ Sweden, wà nígbà tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari Rally ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1975.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, 504 ni n óò mú, nítorí pé ọ̀nà tiwa kì í dán tán. Ẹni tí ó bá ń gbé níbi tí ọ̀nà ti dára ni 505 yẹ jù, kí ó sáà rí i pé mẹkáníìkì yẹ búùṣì iwájú, ìyẹn àwọn rọ́bà inú oríkèé ẹsẹ̀ táyà, àti rọ́bà pọ́ǹpù sitiárìn wò kí ó tó san owó, nítorí ibẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ọkọ̀ tí ó ti dàgbà.